Ìtàn Ìgbésí Ayé Karen Carpenter, Akọrin Tí Kò Lè Jẹun Mọ́

Ìtàn tí a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ìtàn obìnrin kan tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, ṣùgbọ́n tí ó kú ní ẹni ọdún 32 péré. Ìyàn kò mú ní ilẹ̀ rẹ̀, òṣì kò sì ta á. Síbẹ̀, àìjẹun ni ó gbé e lọ. Karen Carpenter ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ nínú wa yóò rántí orin òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí a máa ń gbọ́ lórí rédíò láyé ọjọ́un.

A yan ìtàn yìí nítorí àwọn ọmọbìnrin wa. Ní ayé àtijọ́, bí ọmọ bá sanra díẹ̀, inú ìyá a dùn, wọn a ní ilé tó ti wá ni oúnjẹ wà. Bí ó bá rù, wọn a béèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Òróbó ti di ọ̀rọ̀ èébú lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, lẹ́pa ni gbogbo wọn ń fẹ́ jẹ́. Ọmọ ọdún 14 yóò ní òun kò jẹ ẹ̀bà mọ́, òun ń ṣọ́ ara. Ó yẹ kí àwa ìyá mọ ibi tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lè já sí.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún 1950 ni wọ́n bí Karen ní ìlú New Haven, ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà. Harold ni bàbá rẹ̀, Agnes ni ìyá rẹ̀. Àwọn méjì péré ni òbí wọn bí. Richard tí í ṣe ẹ̀gbọ́n ni wọ́n bí ní ọdún 1946, òun sì ni gbogbo ilé kọ́kọ́ kà sí olórin, nítorí láti kékeré ni ọwọ́ rẹ̀ ti dá ṣáṣá lórí dùùrù. Ní ọdún 1963, ìdílé náà kó lọ sí ìlú Downey ní California, nítòsí Los Angeles, níbi tí ọ̀nà orin ti là ju ti ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀.

Ohun kan wà níbí tí yóò wu àwa ọmọ Mẹ́tọ́díìsì láti gbọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n dé Downey tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ìlú náà fi gba Richard láti máa tẹ dùùrù nígbà ìsìn. Ọmọ ilé Ọlọ́run ni wọ́n. Inú ìjọ yìí kan náà ni ìtàn wa yóò parí sí.

Ní ti Karen, nígbà tó wà ní ilé-ìwé gíga, kò fẹ́ràn eré ìdárayá. Kí ó má baà ṣe é ni ó fi wọ ẹgbẹ́ olórin ilé-ìwé, ibẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù. Ìlù náà wọ̀ ọ́ lára. Ọmọbìnrin tó ń lu ìlù kò wọ́pọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n òun mọ̀ ọ́n lù gan-an. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá rí i pé ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì ń wọni lọ́kàn.

BÍ OÚNJẸ ṢE DI Ọ̀RỌ̀

Karen kì í ṣe ẹni tó sanra jù. Ó kàn ki díẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́dún 17 ṣe máa ń rí. Ní ọdún 1967, ìwọ̀n ara rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi pọ́n-ùn 145. Dókítà kan fún un ní ìlànà oúnjẹ tí yóò fi fọn, ó sì tẹ̀ lé e láìyẹsẹ̀. Nǹkan bíi pọ́n-ùn 25 bọ́ kúrò lára rẹ̀. Bí ó ṣe rí yìí ni ó wà títí di ọdún 1973, láìsí wàhálà kan tí ènìyàn lè fojú rí.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ta ni yóò rí ọmọ tó ṣe báyìí tí kò ní yìn ín? Ó ní ìfaradà, ó ṣe ohun tí dókítà wí, ó sì rẹwà. Kò sí ẹni tó lè rí ewu kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Karen ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́, pé bí òun bá ti dín oúnjẹ kù, òun lè yí ara òun padà. Nígbà tí ìnira ayé wá dé bá a lẹ́yìn èyí, ọ̀nà tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ yìí ni ó gbà.

ÒKÌKÍ DÉ

Ní ọdún 1969, ilé-iṣẹ́ àwo orin A&M gba Karen àti Richard, wọ́n sì ń jẹ́ Carpenters. Ní ọdún 1970, orin wọn tí à ń pè ní Close to You gba ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà, orin ń tẹ̀ lé orin. Wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy mẹ́ta. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1973, wọ́n kọrin ní ilé Ààrẹ Amẹ́ríkà, níwájú Ààrẹ Nixon àti àlejò rẹ̀, Willy Brandt, tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì nígbà náà.

Òkìkí yìí ní ìnira tirẹ̀. Ìrìn-àjò kò dá, oorun kò tó. Ohun mìíràn sì tún wà. Ìdí ìlù ni Karen fẹ́ràn láti máa jókòó sí. Bí ó bá ti wà níbẹ̀, ìlù bò ó, ojú àti ohùn rẹ̀ nìkan ni ènìyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ó yẹ kí akọrin wà níwájú kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Kò kọ́kọ́ fẹ́, nígbà tó yá ó gbà. Bí ó ṣe di ẹni tó ń dúró níwájú nìyẹn, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ ní alaalẹ́.

ÀWÒRÁN KAN ṢOṢO

Ní ọdún 1973 yìí kan náà, Karen rí àwòrán ara rẹ̀ kan tí wọ́n yà níbi tó ti ń kọrin. Aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà kò bá a lára mu, ó sì mú kí ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá rẹ́rìn-ín kí ó sì fi aṣọ náà sílẹ̀. Karen kò rẹ́rìn-ín. Ó gba olùkọ́ eré ìdárayá kan pé kí ó máa wá kọ́ òun nílé. Ẹni náà yí oúnjẹ rẹ̀ padà, iṣan ara rẹ̀ sì le sí i, ṣùgbọ́n lójú Karen ńṣe ni ó dà bíi pé òun túbọ̀ ń tóbi. Ó dá olùkọ́ náà dúró, ó sì mú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sí ọwọ́ ara rẹ̀.

Nǹkan bíi pọ́n-ùn 20 tún bọ́ kúrò lára rẹ̀. Àwọn ènìyàn yìn ín pé ó dára. Ó ní ó ku márùn-ún sí i kí òun tó dúró. Nígbà tí márùn-ún pé, kò dúró mọ́. Àárín ìgbà yìí ni ìwà rẹ̀ nídìí oúnjẹ yí padà. Bí wọ́n bá jókòó jẹun, yóò máa bu oúnjẹ inú àwo rẹ̀ fún àwọn tó wà lórí tábìlì pé kí wọ́n tọ́ ọ wò, títí àwo rẹ̀ yóò fi ṣófo tí òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì jẹ nǹkan kan. Ẹni tí kò bá fojú sílẹ̀ yóò rò pé ọ̀làwọ́ ni.

Ní ọdún 1975, ó ti joro débi pé bí ó bá yọ síta, ẹnu a ya àwọn tó wá wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ lẹ́tà láti béèrè ohun tó ń ṣe é. Ara rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó di dandan kí wọ́n fagi lé ìrìn-àjò orin tí wọ́n fẹ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Japan.

OHUN TÍ EBI Ń ṢE SÍ ỌKÀN

A mọ̀ pé ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn yín báyìí. Kí ló dé tí kò kàn jẹun? Ṣé agídí ni?

Ìdáhùn kan wà tí kò ti ọ̀dọ̀ Karen wá. Ní òpin ọdún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Ancel Keys ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà fẹ́ mọ ohun tí ebi ń ṣe fún ènìyàn, kí a lè mọ bí a ó ṣe tọ́jú àwọn tí ogun ti pa lébi ní Yúróòpù. Ọ̀dọ́mọkùnrin 36 tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn ni wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. Ara wọn dá ṣáṣá, ọkàn wọn sì pé. Fún ọ̀sẹ̀ 24, wọ́n dín oúnjẹ wọn kù tó fi jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn lọ.

Kì í ṣe ara wọn nìkan ló yí padà. Oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò tọ̀sán-tòru. Àwọn mìíràn ń ka ìwé ìdáná bí ẹni ń ka ìwé ìtàn. Wọ́n ń gé oúnjẹ wẹ́wẹ́, wọ́n ń fi wákàtí gbáko jẹ èyí tí kò tó nǹkan. Òtútù ń mú wọn, irun wọn ń já, inú wọn bàjẹ́, wọ́n ń bínú sódì, wọn kò sì fẹ́ rí ọ̀rẹ́ mọ́. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáadáa, ó gba ọ̀pọ̀ oṣù kí ọkàn wọn tó balẹ̀. Ọdún 1950, ọdún tí wọ́n bí Karen gan-an, ni wọ́n tẹ ìwé ìwádìí náà jáde.

Ẹ kíyè sí èyí: àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kò ní àrùn ọkàn kankan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Rírù tí wọ́n rù ló mú un wá. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àìsàn ń mú ènìyàn rù. Nígbà mìíràn, rírù ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún àìsàn. Àwọn ọkùnrin Minnesota ń fẹ́ jẹun, inú wọn sì dùn nígbà tí oúnjẹ padà dé. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn àti ìṣẹ̀dá wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí irú wọn bá rù kọjá ààlà, ìbẹ̀rù oúnjẹ ni yóò gba ọkàn wọn. Bí wọ́n bá ṣe ń rù sí i ni ìbẹ̀rù náà ń lágbára sí i, ọpọlọ tí ebi ti pa kò sì lè dá ẹjọ́ òtítọ́ mọ́. Wọn a wo dígí, ẹni tó sanra ni wọn a rí. Àìsàn yìí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní anorexia nervosa. Láti ọdún 1873 ni àwọn dókítà ní Paris àti Lọ́ńdọ̀nù ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ṣọ́ oúnjẹ jẹ ló ń kó o, àwọn tó ń kó o kéré. Ṣùgbọ́n gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn.

ÌJÀKADÌ RẸ̀ ÀTI IKÚ RẸ̀

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Karen fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Ní ọdún 1981, akọ̀ròyìn BBC kan bi í léèrè lórí tẹlifíṣọ̀n nípa àìsàn yìí, ó ní kò sí ohun tó jọ ọ́, pé àárẹ̀ iṣẹ́ lásán ni. Ọdún kan ṣáájú èyí ni ó ti ṣe ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó náà kò tòrò. Ní ìkọ̀kọ̀, ó ń lo oògùn tí kò yẹ kí ó lò kí ara rẹ̀ má baà wúwo.

Nígbà tó di ọdún 1982, òun fúnra rẹ̀ wá ìrànlọ́wọ́. Ó fi California sílẹ̀, ó lọ sí New York lọ́dọ̀ Steven Levenkron, ẹni tó mọ̀ nípa ìtọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ó fi ń lọ bá a sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, orí ń fò ó, ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, wọ́n sì dá a dúró sí ilé ìwòsàn Lenox Hill níbi tí wọ́n ti ń fi omi oúnjẹ sí i lára. Nǹkan bíi pọ́n-ùn 30 padà sí ara rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ó padà sílé, inú gbogbo ènìyàn dùn. Ní oṣù Kejìlá, ó kọ orin Kérésìmesì fún àwọn ọmọdé ní ilé-ìwé kan ní California. Ìgbà ìkẹyìn tó kọrin níwájú ènìyàn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọkàn tí ebi àti oògùn ti jẹ fún ọdún púpọ̀ kò lágbára mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin oṣù Kejì ọdún 1983, ní ilé òbí rẹ̀ ní Downey, Karen ṣubú. Ìyá rẹ̀ ló bá a nílẹ̀. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ó ku oṣù kan kí ó pé ẹni ọdún 33. Àwọn oníṣègùn tó yẹ òkú rẹ̀ wò sọ pé oògùn tó ń mú ènìyàn bì ló ba ọkàn rẹ̀ jẹ́, nítorí àìsàn àìjẹun tó ń ṣe é.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù náà, wọ́n ṣe ìsìn ìsìnkú rẹ̀ ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Downey, ìjọ tí a dárúkọ níṣàájú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ àìsàn yìí, àwọn ọmọbìnrin tó ń bo tiwọn mọ́ra sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ jáde. Ìdílé rẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ láti fi owó ran ìwádìí àìsàn náà lọ́wọ́.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWA ÌYÁ

A kò sọ ìtàn yìí láti dá ìyá Karen lẹ́bi. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, àìsàn náà sì ṣàjèjì sí i. Àwa tí a ti gbọ́ ni kò ní àwáwí.

Èkínní, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ẹnu wa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ nípa ikùn tàbí ìdí rẹ̀ lẹ́nu wa. Bákan náà, bí ọmọ bá rù lójijì, kí a tó yìn ín, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tó fà á. Ìyìn tí kò nídìí lè di epo tí a dà sí iná.

Èkejì, ọ̀nà tí ọmọ gbà rù kò ṣe pàtàkì bí a ṣe rò. Ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ eré ìje, ó lè jẹ́ àníyàn ìdánwò. Ó sì lè jẹ́ ààwẹ̀. Ààwẹ̀ dára, John Wesley fúnra rẹ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n bí ààwẹ̀ bá ti parí tí ọmọ kò sì fẹ́ padà sídìí oúnjẹ, tí ó ń wá ààwẹ̀ mìíràn kún un, ẹ má ṣe pè é ní ìwà mímọ́. Ara tí a fún wa, tẹ́ḿpìlì Ẹ̀mí Mímọ́ ni, a kò gbọ́dọ̀ wó o.

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ àwọn àmì. Ọmọ tó ń sá fún oúnjẹ ìdílé, tó ń ní òun ti jẹ níta. Ọmọ tó ń se oúnjẹ aládùn fún gbogbo ilé tí kò sì fi kan ẹnu. Ọmọ tó ń wọ ilé ìwẹ̀ ní kété tó bá jẹun tán. Ọmọ tí nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró, tí òtútù ń mú nínú oòrùn, tó ń wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ láti bo ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe nà án, ẹ má ṣe pè é ní alágídí, ẹ má sì sọ pé àjẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn, níbi tí dókítà ara àti dókítà ọkàn yóò ti jọ wò ó. Ẹ̀mí tí àìsàn yìí ń gbà pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ àìsàn ọkàn lọ, nítorí náà ẹ má ṣe fi falẹ̀. Láti àárín ọdún 1980 sí 1989, àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn Maudsley ní Lọ́ńdọ̀nù ti rí i pé fún àwọn ọmọ tí àìsàn náà kò tíì pẹ́ lára wọn, ìrànlọ́wọ́ ńlá ni kí àwọn òbí jókòó tì wọ́n nídìí oúnjẹ, kí wọ́n fi sùúrù àti ìfẹ́ mú wọn jẹun títí ara wọn yóò fi padà bọ̀ sípò. Kí oúnjẹ kọ́kọ́ wọlé, kí ara padà, nígbà náà ni ọkàn yóò lè gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti rí ìwòsàn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ó lè máa gbẹbọ.

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá padà sílé lẹ́yìn ìpàdé, ẹ bá àwọn ọmọbìnrin yín jókòó jẹun. Ẹ fojú sí àwo wọn, ẹ sì bi wọ́n bí ọjọ́ wọn ṣe lọ. Kí Olúwa tó bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún nínú aginjù bọ́ àwọn ọmọ wa ní ara àti ní ọkàn. Àmín.